Bí A Ṣe Ń Yan Ilé-Iṣẹ́ Adójútòfò Ọkọ̀: Iye Owó, Ojúlówó Ìwé àti Ẹ̀tọ́ Ọlọ́kọ̀

Gbogbo ọlọ́kọ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí ló mọ̀ pé ìwé adójútòfò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní inṣọ́ránsì, wà lára àwọn ìwé tí a gbọ́dọ̀ ní kí a tó gbé ọkọ̀ sójú pópó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń rà á bí ẹni ra tíkẹ́ẹ̀tì: a sanwó, a gba ìwé, a tì í sínú àpótí iwájú ọkọ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. A kì í béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ tó kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ka ohun tí wọ́n ṣèlérí sínú rẹ̀. Ọjọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni a tó máa ń kà á, ẹ̀pa kò sì ní bóró mọ́ lọ́jọ́ náà.

A kọ àlàyé yìí kí ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ yìí lè mọ bí ẹ ó ṣe yan ilé-iṣẹ́ tó ń gba iye tó tọ́, tó sì ń ṣe ojúṣe rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá ń kà á: kì í ṣe bébà ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń tà fún yín. Ìlérí ni wọ́n ń tà, pé àwọn yóò san owó òfò lọ́jọ́ tí òfò bá dé. Nítorí náà, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó dín owó jù ló yẹ kí ẹ wá, bí kò ṣe èyí tí yóò mú ìlérí náà ṣẹ.

Ohun tí òfin béèrè

Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1945 ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di dandan ní Nàìjíríà pé kí ọlọ́kọ̀ ní adójútòfò fún àwọn ẹlòmíràn tí ọkọ̀ rẹ̀ lè ṣe ní jàǹbá. Èyí ni a mọ̀ sí tádì pátì. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Èrèlé, ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò lójú pópó káàkiri. Lọ́dún kan náà ni Ààrẹ Bola Ahmed Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun lórí iṣẹ́ adójútòfò, èyí tó rọ́pò àwọn òfin àtijọ́.

Ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ló ń fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, àjọ tó sì wà fún un ni NAICOM, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá. Nítorí èyí, a kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan fún yín pé kí ẹ lọ síbẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ni kí a fi ọ̀nà tí ẹ ó fi dá wọn mọ̀ hàn yín.

Iye owó tádì pátì kì í ṣe ti ìdúnàádúrà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a ṣe ń ná ọjà ni a ṣe ń ná tádì pátì. Kò rí bẹ́ẹ̀. NAICOM ló fi iye owó rẹ̀ lélẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2023:

- Ọkọ̀ àdáni: 15,000 náírà lọ́dún. Iye tí ilé-iṣẹ́ lè san fún dúkìá ẹlòmíràn tó bàjẹ́ kò ju mílíọ̀nù 3 náírà lọ.
- Ọkọ̀ tí ènìyàn fi ń kó ẹrù ara rẹ̀: 20,000 náírà, títí dé mílíọ̀nù 5 náírà.
- Ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi ń ṣòwò: 100,000 náírà, títí dé mílíọ̀nù 5 náírà.
- Kẹ̀kẹ́ Márúwá: 5,000 náírà, títí dé mílíọ̀nù 2 náírà.
- Alùpùpù: 3,000 náírà, títí dé mílíọ̀nù 1 náírà.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ẹnì kan bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì tí a ti ń gba ìwé ọkọ̀, tó ní òun yóò bá yín ṣe tádì pátì ọkọ̀ àdáni ní 6,000 náírà, kì í ṣe ojúrere ló ń ṣe fún yín. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ tó lè tà á ní iye bẹ́ẹ̀. Bébà lásán ló fẹ́ tà, 6,000 náírà yín sì ti ṣòfò. Bí ẹ bá sì fi ọkọ̀ kọlu ẹnì kan, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó ru gbogbo ẹrù náà.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé iye kan náà ni gbogbo ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà fún tádì pátì, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìkan ló kù tí a lè fi yàn wọ́n. Owó tí ẹ ó san fún ilé-iṣẹ́ tó ń yára san owó òfò kò ju èyí tí ẹ ó san fún ilé-iṣẹ́ tí kì í gbé fóònù lọ.

Kí ẹ tó mú owó jáde

Ìgbésẹ̀ méjì ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fò.

Àkọ́kọ́, ẹ wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ náà wà lára àwọn tó ní ìwé àṣẹ. NAICOM ń gbé orúkọ wọn sórí ìkànnì rẹ̀, naicom.gov.ng. Ẹ máa ṣe èyí lọ́dọọdún, kódà bí ẹ bá ti ń bá ilé-iṣẹ́ kan bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Òfin tuntun ti ọdún 2025 sọ pé owó ìdókòwò ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe adójútòfò irú èyí kò gbọdọ̀ dín ní bílíọ̀nù 15 náírà. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lè mú kí ilé-iṣẹ́ kan darapọ̀ mọ́ òmíràn, tàbí kí ó kúrò nínú iṣẹ́ náà pátápátá. Orúkọ tó wà nínú ìwé yín lésìí lè má sí mọ́ lọ́dún yìí.

Èkejì, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba ìwé, ẹ wò ó bóyá ó jẹ́ ojúlówó. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà ní àkójọ kan tí wọ́n ń kọ gbogbo ọkọ̀ tó ní adójútòfò sí. Ẹ lọ sí ìkànnì askniid.org, kí ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín tàbí nọ́ńbà ìwé adójútòfò náà síbẹ̀. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ọjọ́ tí ìwé yóò parí bá jáde bó ṣe wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, ọkàn yín lè balẹ̀. Bí kò bá jáde, ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á fún yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí kò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù rẹ̀, kí ó bẹ ọmọ tàbí aládùúgbò tó ní in. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Tádì pátì tàbí adójútòfò kíkún

Tádì pátì kò ṣe ohunkóhun fún ọkọ̀ tiyín. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé rẹ̀. Olùkọ́ kan ń wakọ̀ lọ láti Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, bíréékì já, ó sì kọlu ọkọ̀ tó wà níwájú. Àtúnṣe ọkọ̀ ẹni tó kọlù jẹ́ mílíọ̀nù 2 náírà, àtúnṣe tirẹ̀ jẹ́ 800,000 náírà. Bí ó bá ní tádì pátì tó jẹ́ ojúlówó, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò san mílíọ̀nù 2 yẹn. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá 800,000 tirẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ olówó gọbọi ló kọlù, tí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 4 àti ààbọ̀, mílíọ̀nù 3 ni ilé-iṣẹ́ yóò san, mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ yóò sì wà lọ́rùn olùkọ́ náà.

Adójútòfò kíkún, tí wọ́n ń pè ní comprehensive, ló ń bo ọkọ̀ tiyín náà: bí ó bá forí sọ nǹkan, bí iná bá jó o, tàbí bí olè bá gbé e lọ. NAICOM sọ pé owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ọkọ̀ náà tó, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀dínwó. Ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù 6 náírà, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 300,000 náírà lọ́dún. Bí ẹnì kan bá ní òun yóò ṣe é ní 150,000, ẹ wo ìwé náà dáadáa: bóyá ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé mílíọ̀nù 3 ni ọkọ̀ yín tó.

Ẹ ṣọ́ra fún ọgbọ́n yìí, nítorí pé àwọn ọlọ́kọ̀ kan náà máa ń fúnra wọn ṣe é kí owó lè dín. Bí ọkọ̀ bá tó mílíọ̀nù 6, tí ẹ kọ mílíọ̀nù 3 sílẹ̀, ìdajì òfò ni ilé-iṣẹ́ lè san. Bí òfò mílíọ̀nù kan bá ṣẹlẹ̀, 500,000 ni ẹ lè rí gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí èrè nínú kí ẹ kọ iye tó ju iye ọkọ̀ lọ, nítorí pé iye tó tó lọ́jà ni wọn yóò wò bí ó bá sọnù. Ẹ béèrè iye tí irú ọkọ̀ yín ń lọ lọ́jà báyìí, kí ẹ sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún, nítorí iye ọkọ̀ kì í dúró sójú kan.

Ìbéèrè mẹ́fà fún ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ yàn

1. Èló ni ìpín tèmi nínú òfò? Nínú adójútòfò kíkún, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń sọ pé kí ọlọ́kọ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ san iye kan kí àwọn tó san ìyókù. Ibí yìí ni owó pọ́ọ́kú ti máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ilé-iṣẹ́ kan gba 300,000 náírà lọ́dún, ó sì ní ìpín yín jẹ́ 100,000. Èkejì gba 330,000, ìpín yín sì jẹ́ 25,000. Bí òfò 200,000 bá ṣẹlẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ yóò san 100,000 fún yín, ẹnì kejì yóò san 175,000. Ẹni tó dà bí ẹni pé ó wọ́n ló sàn jù.

2. Ṣé omíyalé àti rògbòdìyàn wà nínú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìwé kò fi wọ́n kún un àfi bí ẹ bá béèrè, tí ẹ sì san díẹ̀ lé e. Àwa tí a rí àgbàrá tó gba Ìbàdàn ní ọjọ́ 26, oṣù Ògún, ọdún 2011, tí a sì rí àwọn ọkọ̀ tó jóná nígbà rògbòdìyàn oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2020, mọ̀ pé ìbéèrè yìí kì í ṣe àsọdùn.

3. Ta ni yóò tún ọkọ̀ náà ṣe? Ẹ béèrè bóyá mẹkáníìkì yín ni, tàbí ibi tí ilé-iṣẹ́ ti yàn, àti bóyá ibi náà wà nítòsí yín. Ẹni tó ń gbé ní Ṣakí tàbí Ogbómọ̀ṣọ́ kò ní fẹ́ kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ dé Èkó.

4. Ọjọ́ mélòó ni owó òfò yóò fi jáde lẹ́yìn tí mo bá kó gbogbo ìwé sílẹ̀? Ẹ sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

5. Ṣé ẹ ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ yìí, ta ni mo sì lè pè ní òru tàbí ní ọjọ́ Àìkú? Ẹ pe nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín kí ẹ tó sanwó. Ilé-iṣẹ́ tí kò gbé fóònù nígbà tó ń wá oníbàárà lè má gbé e nígbà tí oníbàárà ń wá owó òfò.

6. Ẹ̀dínwó wo ló wà fún ẹni tí kò béèrè owó òfò lọ́dún tó kọjá? Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń fúnni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè lè má rí i gbà.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ẹ bi àwọn tó ti gba owó òfò rí léèrè: ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, àwọn ará ẹgbẹ́ yín, tàbí mẹkáníìkì tó ti tún ọkọ̀ oníbàárà wọn ṣe. Mẹkáníìkì ló máa ń mọ ilé-iṣẹ́ tó ń sanwó àti èyí tó ń fi ọ̀la dá ọ̀la.

Aṣojú àti alágbàtà

Aṣojú ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tó rán an. Alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yin oníbàárà: òun ló yẹ kó fi ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wéra fún yín, kó sì bá yín tọpa owó òfò. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá gbà nínú wọn, ẹ sọ pé kí ó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn yín. Ẹ má ṣe san owó sínú àpò ìkówópamọ́ ẹnì kan ní báńkì. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tàbí ti alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ ló yẹ kó jáde bí ẹ bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì pa á mọ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé àwìn kò sí nínú rẹ̀. Láti ọdún 2013 ni NAICOM ti ń mú un le pé bí owó kò bá tíì wọlé, adójútòfò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní kí wọ́n kọ ìwé fún òun ná, pé òun yóò san lópin oṣù, kò ní adójútòfò títí di ọjọ́ tó bá san án.

Ohun tó lè mú kí wọ́n kọ̀ láti sanwó

Ilé-iṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń fa àìrówógbà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ọlọ́kọ̀ ni àléébù náà ti wá. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ àdáni ni Micra òun, tó sì ń fi kó èrò ní Ìwó Road tàbí Mọ́kọ́lá, ti fún ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀rí tí wọn yóò fi kọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó jẹ́ kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀, tàbí ẹni tó mutí wakọ̀. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ tàbí ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò níhìn-ín kò gbọdọ̀ gbára lé ìwé ẹni tó tà á fún un. Kí ó gba tirẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Òótọ́ ni ìpìlẹ̀ ètò yìí. Ẹ sọ gbogbo ohun tí wọ́n bá béèrè bó ṣe rí.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Ẹ dúró. Ẹ kọ́kọ́ ran ẹni tó farapa lọ́wọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Lẹ́yìn èyí, ẹ ya àwòrán àwọn ọkọ̀ náà, nọ́ńbà wọn àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì gba orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ sì gba àbọ̀ ìwádìí wọn. Ẹ má ṣe kọ ìwé fún ẹnikẹ́ni lójú pópó pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi tàbí pé ẹ ó san iye kan.

Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, lórí fóònù àti nínú ìwé. Àìtètèmólè, olè ń mú olóko: ẹni tó pẹ́ kó tó fẹjọ́ sùn lè di ẹni tí wọ́n ń fura sí. Ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe kí wọ́n tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá gbé ìwé wá pé kí ẹ fọwọ́ sí i láti gba owó òfò, ẹ ka iye tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lù ú, nítorí pé ìbuwọ́lùwé yẹn ló ń parí ọ̀rọ̀.

Bí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá sì kọlù yín, ẹ rántí pé ẹ ní ẹ̀tọ́ lára tádì pátì tirẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba orúkọ ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé náà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ san owó ilé ìwòsàn nítorí pé wọn kò mọ̀ pé adójútòfò ẹni tó kọlu bàbá wọn lè gbé ẹrù náà.

Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ tàbí tó ń fi yín falẹ̀

Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ kọ ọjọ́ jàǹbá, nọ́ńbà ìwé yín àti ọjọ́ tí ẹ kó gbogbo ẹ̀rí sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé dáhùn, kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀. Bí ìdáhùn kò bá wá tàbí tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé ẹjọ́ náà lọ sí NAICOM, tó ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn oníbàárà. Ẹ fi ẹ̀dà gbogbo ìwé ránṣẹ́, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín.

Fún àwọn tó ń kọjá ààlà

Tádì pátì ti Nàìjíríà nìkan kò tó fún ẹni tó ń wakọ̀ lọ sí Kútọnù tàbí Lomé. Káàdì búráùn ti àjọ ECOWAS, tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ní Kútọnù ní ọdún 1982, ló ń dáàbò bò yín níbẹ̀. Ẹ béèrè fún un lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín kí ẹ tó gbéra nílé.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ mú ìwé adójútòfò yín jáde nínú ọkọ̀. Ẹ ka orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ wò ó lórí askniid.org. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ilé-iṣẹ́ náà síbi tí àwọn ará ilé yín ti lè rí i. Bí kì í bá ṣe ojúlówó, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà mọ́ títí ẹ ó fi gba òmíràn.